Àwọn Kọ̀ǹpútà Tí Mo Bá Nílé

Ó ku bí ọdún méjì kí ọ̀rúndún tuntun bẹ̀rẹ̀, a tò láti ṣe fọ́tókọ́pì ní Ìyànà-Ìbà, obìnrin kan tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wọn, tó máa fẹ̀yìn tì lọ́sẹ̀ náà, ń bá ọkùnrin tó máa gba iṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ níwájú mi.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká pa àwọn orúkọ tí ẹ sọ àwọn kọ̀ǹpútà yẹn rẹ́ nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Lánàá, ó hàn lójú kọ̀ǹpútà mi pé Eyínfúnjowó ò dáhùn. Mo wá a káàkiri títí mo fi làágùn. Nọ́ńbà ni ọ̀gá fẹ́.”

“Nọ́ńbà? Ṣé ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n? Eyínfúnjowó ni kọ̀ǹpútà akáńtàǹtì, tí bọ́tìnnì rẹ̀ funfun bí eyín. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni tẹ́ẹ́rẹ́ ẹnu ọ̀nà.”

“Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, mà. Tí n bá pẹ́ kí n tó rí èyí tó kú, èmi ni wọ́n máa lé.”

Ohùn obìnrin náà rọ̀. “Mo bá wọn nílé ni. Nílé ọkọ mi, mi ò pe ọmọ tí wọ́n ti bí kí n tó dé lórúkọ. Orúkọ àpọ́nlé ni mo fi ń pè wọ́n. Ọjọ́ tí mo wọ ọ́fíìsì yẹn, mi ò mọ nǹkan kan. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́.”

Ọkùnrin náà yọ báírò. “Ó dáa, mà. Ẹ máa pè wọ́n, kí ẹ sọ yàrá wọn. Màá kọ orúkọ tí ẹ sọ wọ́n mọ́ nọ́ńbà.”

Obìnrin náà pè wọ́n tán, ó ń nu ojú.

“Kọ̀ǹpútà tuntun tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé ńkọ́, mà?”

“Ìyẹn máa bá ọ nílé. Pè é ní nọ́ńbà tó o bá fẹ́.”