Ẹran Tí Kò Ní Òórùn

"Ta ló gbé itan ẹran Màmá Ìbá?" Ìbéèrè tí bàbá mi bi wá nìyẹn lẹ́yìnkùlé ilé wa ní Igbó-Elérin, ní ọjọ́ kejì Iléyá èṣí, lẹ́yìn ìrun Aláásárì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n béèrè rẹ̀. Èmi mọ ìdáhùn rẹ̀. Odidi ọdún kan ló fi há mi lọ́fun bí egungun ẹja, kò lọ sísàlẹ̀, kò sì jáde. Mo fẹ́ pọ̀ ọ́ síta lónìí lójú gbogbo yín, ẹ̀yin ẹbí, ará àdúgbò àti ẹgbẹ́ mi, kí Iléyá tọdún yìí tó dé, nítorí mi ò lè tún jókòó jẹ ẹran pẹ̀lú yín lórí irọ́ yìí.

Èmi ni Muheez, ọmọ Alhaji Àdìó tó ń ta àgbò ní Alaba Rago. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ọkàn mi kì í gbé ojú kan. Bí rédíò bá bàjẹ́ nítòsí mi, mi ò ní jẹun títí màá fi mọ ibi tó ti kú. Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì, ẹ̀gbọ́n mi Hikmat sì máa ń sọ pé ìdánwò mi ò tíì parí, pé èmi fúnra mi ni mò ń ṣe tíṣà, tí mo tún ń ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Ní oṣù tó ṣáájú Iléyá yẹn, mo kà á lórí fóònù pé èèyàn lè se ẹran nínú omi tí kò hó. Súù-fíìdì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á fi ẹran sínú náílọ́ọ̀nù, wọ́n á fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n á dì í pa, wọ́n á wá rì í sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ìgbóná rẹ̀ ò gbọdọ̀ yí padà, fún odidi ọjọ́ kan. Iṣan tó le bí rọ́bà á rọra tú, bí ìgbà tí oorun ń gbé èèyàn lọ. Nígbẹ̀yìn ni wọ́n á fi ẹran náà kan páànù tó gbóná janjan, kí ara rẹ̀ lè pọ́n. Mi ò ní ẹ̀rọ tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n a ní kúlà ńlá tá a fi ń tọ́jú mínírà, mo ní kẹ́tù, mo sì ra tẹmómítà onírin gígùn kan tó ní ojú bíi ti aago. Mo fi kútẹ́ẹ̀sì Hikmat kán àmì pupa sójú ọgọ́ta dígírì, mo lu ihò sára ìdérí kúlà, mo ki tẹmómítà bọ̀ ọ́. Ẹran ló kù.

Ẹ má rò pé ebi ló ń pa mí. Ẹran kún ilé. Ṣùgbọ́n itan àgbò yẹn, àgbò àgbà tí iṣan rẹ̀ nípọn, àlọ́ tí mo fẹ́ já ló jẹ́ lójú mi. Mo sì mọ ẹni tó ni ín. Màmá Adébímpé tó ń gbé ní Ìbá ló gba bàbá mi sílé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ti Ìsẹ́yìn dé Èkó tí wọn ò mọ ẹnì kankan. Ìjọ aláṣọ funfun ni màmá náà ń lọ, síbẹ̀ itan ọ̀tún àgbò Iléyá wa, tiwọn ni lọ́dọọdún.

Àǹtí Mùsítúrà, tó ti gbé yàrá kan lẹ́yìnkùlé wa fún ọdún mọ́kànlá, ló máa ń gé ẹran ọ̀hún. Wọ́n mọ oríkèé egungun bí ẹni mọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Àwọn náà ló ń pín in, ọwọ́ wọn ni kọ́kọ́rọ́ firísà sì máa ń wà. Lọ́jọ́ Iléyá, wọ́n gé itan náà, wọ́n tì í mọ́ firísà, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó ẹnu ọ̀nà wọn, wọ́n lọ kírun ọ̀sán. Mo mú kọ́kọ́rọ́, mo mú ẹran, mo dá kọ́kọ́rọ́ padà.

Gbogbo àdúgbò ló ń ta sánsán lọ́jọ́ náà. Ẹran díndín máa ń fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́: bí o bá ti ń dín in, aládùúgbò ti mọ̀, o sì ní láti bù fún un. Tèmi ò sọ̀rọ̀. Ó dùbúlẹ̀ sínú omi bí ọmọ inú oyún. Mo gbé àga ti kúlà lẹ́yìnkùlé. Bí omi bá ti ń tutù, màá bu díẹ̀ kúrò, màá da ti kẹ́tù sí i, ọwọ́ tẹmómítà á rọra padà sórí àmì pupa. Hikmat bi mí bóyá mínírà ni mò ń ṣọ́. Mo ní mò ń wo bí yìnyín á ṣe pẹ́ tó. Ó ní kí Ọlọ́run fún mi níṣẹ́. Mò ń tòògbé, mò ń jí, mi ò mọ̀ bóyá èmi ni mò ń se ẹran tàbí ẹran ló ń sè mí. Mo lá àlá pé ilé wa wà lábẹ́ omi, gbogbo yín ń rìn jẹ́jẹ́ nínú rẹ̀, ìborùn àwọn obìnrin ń léfòó, kò sì sẹ́ni tó ń bínú sí ẹnì kejì.

Ọjọ́ kejì, bàbá mi ní kí wọ́n gbé itan náà wá, kí àwọn gbé e lọ sí Ìbá. Wọn ò bá a nínú firísà. Ìgbà yẹn ni bàbá mi bi wá ní ìbéèrè yẹn. Òógùn bo ojú wọn, wọ́n sì yà sídìí kúlà láti mú mínírà kan. Àfi bí Àǹtí Mùsítúrà ṣe kọjá níwájú wọn, tí wọ́n tẹ̀ sórí kúlà bíi pé wọ́n ń tún ìró wọn ró, tí wọ́n sì fìdí lé kúlà. Wọ́n ní, "Alhaji, mínírà ti tán nínú eléyìí. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi sinmi." Mo rò pé orí ló yọ mí.

Bàbá mi wá bèèrè ọwọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ibi tó burú jù nìyí. Ká ní mo dákẹ́, olè lásán ni ǹ bá jẹ́. Èmi ni mo lanu, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ọmọlúàbí: "Ọwọ́ Àǹtí Mùsítúrà ni kọ́kọ́rọ́ máa ń wà." Òótọ́ ni. Mo wọn ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe wọn omi: ó gbóná tó láti se èèyàn, kò hó débi tí ẹnikẹ́ni á fi gbọ́ ariwo rẹ̀. Àǹtí kọjú sí mi. Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọwọ́ mi ló wà." Bàbá mi ní ó dáa. Hikmat wolẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n lólè, kò sì sẹ́ni tó ní wọn kì í ṣe olè.

Nígbà tí wọ́n túká, mo lọ sídìí kúlà. Ihò nìkan ló kù lára ìdérí rẹ̀. Mo wá tẹmómítà nínú iyanrìn, mo wá a nínú gọ́tà, mi ò rí i. Mo gbé ẹran lọ sí yàrá Akeem ọ̀rẹ́ mi nítòsí yunifásítì, ó ti lọ ṣọdún, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Mo nu ẹran náà gbẹ, mo fi iyọ̀ pa á lára, mo gbé páànù kaná títí ó fi rú èéfín. Bí ẹran ṣe kàn án, ó ké ṣàà, gbogbo òórùn tó ti fi odidi ọjọ́ kan pa mọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan. Obìnrin kan ní yàrá kejì béèrè ẹni tó ń ṣe Iléyá láìpe aládùúgbò. Ẹran náà rọ̀ débi pé Màmá Adébímpé, tí eyín wọn ò ju mẹ́ta lọ, ìbá jẹ ẹ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ohun tí mò ń rò nìyẹn bí mo ṣe ń jẹ ẹ́. Mo jẹ títí ikùn mi fi kọ̀ ọ́, mo sì da ìyókù sí ààtàn.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Àǹtí Mùsítúrà kó jáde. Wọ́n ní àwọn fẹ́ sún mọ́ ibi tí àwọn ti ń dín ẹran tà ní Òkókómáìkò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn tó ṣófo, wọ́n ní, "Ta ló máa gé ẹran lọ́dún yìí?" Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bàbá mi, ẹ dárí jì mí. Ẹ lọ mú Àǹtí wá sílé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ọpọlọ yín mú bí abẹ, ẹ ṣọ́ra fún òótọ́ tẹ́ ẹ bá fi ń bo ara yín, ó ń pani ju irọ́ lọ.

Àná ni mo lọ bá Àǹtí. Ẹran ni wọ́n ń dín lẹ́bàá títì, lábẹ́ agboòrùn, níbi tí mo ti kọjá láìmọye ìgbà láàárín ọdún, tí mo ń wo òdìkejì ọ̀nà. Mo dọ̀bálẹ̀ lójú àwọn oníbàárà wọn, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ń yí ẹran nínú òróró.

"Dìde, Muheez," ni wọ́n wí. "Kúlà mínírà wo ló ń gbóná mọ́ni nídìí?"

Wọ́n ní kí n bá àwọn mú fọ́ọ̀kì kan nínú ife tó wà lórí tábìlì, ní iwájú gbangba. Mo nawọ́ sí i. Láàárín fọ́ọ̀kì àti ṣíbí, tẹmómítà mi ló dúró ṣánṣán níbẹ̀, tó kọjú àmì pupa rẹ̀ sí mi.