Ìborùn Níwájú Rédíétọ̀

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìyàwó ilé ní Ajégúnlẹ̀ níbí, tí eegun mi ṣì le, ẹ̀rù ọkọ̀ máa ń bà mí ju ẹ̀rù ejò lọ... Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ jókòó. Kúnlé, gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Ìwọ gan-an ni mò ń bá wí, ìwọ tó o ní o ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ sí èyí tó lágbára, tó o wá fi ike dúdú àti iná oríṣiríṣi dí iwájú rẹ̀ pa. O ní nínú ọkọ̀ yẹn lo máa gbé Múfú ọmọ mi, bàbá yín, lọ sí Ìbàdàn lọ́la. Ó dáa. Gbọ́ tèmi ná.

Bàbá yín àgbà náà pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Àbí ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀? Ọkọ̀ kékeré kan ló rà lọ́wọ́ òyìnbó kan ní Àpápá GRA, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú. Òun àti Sọ́ńdè, ọ̀rẹ́ rẹ̀, mẹkáníìkì ará Wárì, wọ́n lọ wá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n rọ́ ọ sínú ọkọ̀ kékeré yẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ Wáàfù, èbúté Àpápá, ló fi ń kó láràárọ̀. Ọkọ̀ yẹn lágbára o! Ṣùgbọ́n Sọ́ńdè ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: "Raji, dis engine big pass di radiator. Make you dey watch am."

Ẹ gbọ́, inú rédíétọ̀ ni omi ọkọ̀ ti ń tutù. Afẹ́fẹ́ á gba iwájú wọlé, fáànù á máa fà á. Rédíétọ̀ tiwa kéré, àmọ́ ó ń gbìyànjú. Ọkọ̀ náà ò dà wá láàmú.

Àfi ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan gbiná ní Liverpool Road, ní Àpápá. Awakọ̀ rẹ̀ ò ríbi jáde. Ẹni tá a mọ̀ ni, ìyàwó rẹ̀ ń ta búrẹ́dì ládùúgbò wa. Háà... Láti ìgbà yẹn ni ìyá ọkọ mi ò ti lè sùn dáadáa mọ́. "Rájí nìkan ló dúró fún mi," ló máa ń sọ, "Rájí nìkan." Bí ọkọ mi bá ti jáde láàárọ̀, àwa méjèèjì á kàn máa wo ẹnu ọ̀nà títí á fi dé. Ṣé irú ìyẹn wà lóde òní? Ẹ̀yin á kàn tẹ ara yín láago.

Ìyá bá lọ sọ́dọ̀ káfíńtà, ó ní kó bá òun ṣe pátákó fífẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ỌLỌ́RUN NI ÀÀBÒ WA. Káfíńtà ní kí wọ́n kàn án sórí ọkọ̀, bí àwọn yòókù ṣe ń ṣe. Ìyá ní rárá o. "Iwájú ni ibi ti ń bọ̀. Iwájú ni àdúrà gbọ́dọ̀ kọjú sí." Wọ́n bá kàn án sí imú ọkọ̀.

Kò pẹ́ rárá tí omi ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Sọ́ńdè pààrọ̀ rọ́bà omi. Ó ṣì ń hó. Ó gé ojú ihò sára bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi igi gbé e sókè díẹ̀ kí ooru lè máa jáde. Ó ṣì ń hó. Sọ́ńdè alára, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, á kọ́kọ́ fọwọ́ kan pátákó yẹn, á ní "Amen", kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì! Ìyá ní ayé ni, wọ́n ti rí ọmọ òun. Ó bá fi pátákó kejì kún un nísàlẹ̀ èyí àkọ́kọ́: OJÚ WA KÒ NÍ RÍBI. Ọkọ̀ gbóná sí i. Ó tún gbé tírà tí wọ́n fi awọ dì kọ́ ọ, ó ta aṣọ funfun yí i ká. Ọkọ̀ wá ń gbóná bí ààrò. Bó ṣe ń gbóná ni Ìyá ń fi kún un, bí Ìyá ṣe ń fi kún un ló ń gbóná. Kò sẹ́ni tó fura nínú wa. Ẹ̀rù ló gba gbogbo ọkàn wa.

Lọ́jọ́ kan wá, lọ́sàn-án gangan, gìrì mú Múfú, tó ṣì kéré nígbà náà. Ara rẹ̀ gbóná janjan, ojú rẹ̀ yí sókè. Mo figbe ta. Ọkọ mi kó wa sínú ọkọ̀, èmi, ọmọ, àti Ìyá, ó kọrí sí ọsibítù ní Àpápá. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti tò sọ́nà. Ká rìn díẹ̀, ká dúró. Ká rìn díẹ̀, ká dúró. Ẹ wá wo ibi tí ọkọ̀ wá hó sí... ẹ̀gbẹ́ àwọn tánkì epo! Tánkì ńláńlá, bẹntiróòlù ló kún inú wọn. Èéfín funfun bo ojú wa. Ẹnì kan pariwo: "Fire! Fire o! Petrol dey here!" Làwọn èèyàn bá ń sá. Awakọ̀ tó wà lẹ́yìn wa fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ́ lu títì. Èmi ò lè sá. Mo kàn di Múfú mọ́ra. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè sunkún. Awakọ̀ tó jóná yẹn nìkan ni mò ń rò.

Mo ní, "Bàbá Múfú, ẹ pa ẹ́ńjìnnì!" Ó ní, "Bí mo bá pa á, kò ní sítáàtì mọ́. Ọmọ yìí ń kọ́?" Ó mú àkísà, ó fẹ́ ṣí ẹnu rédíétọ̀. Mo pariwo mọ́ ọn, omi yẹn ì bá bó o lójú. Ìyá ti bọ́ sílẹ̀ ní tiẹ̀, ó ń wá ohun tá a máa fi fẹ́ ọmọ. Kò rí nǹkan kan. Ìṣó pátákó ìsàlẹ̀ ti ń mì, ló bá fa pátákó náà yọ.

Bó ṣe fà á yọ, etí ìborùn rẹ̀ fò lọ síwájú, ó lẹ̀ mọ́ rédíétọ̀ pẹ́kípẹ́kí. Ó fà á kúrò. Ó tún fò padà.

"Rájí, kí ló ń fa ìborùn mi?"

"Fáànù ni, Màámi. Afẹ́fẹ́ ló ń fà."

Ìyá wo pátákó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo èyí tó kù. "Ibo ló ti ń rí i fà láti ọjọ́ yìí?"

Ẹ̀rù iná ń ba Ìyá, ẹ̀rù àtiyọ àdúrà tún ń bà á. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ọlọ́run, má bínú sí mi. Ìwọ kọ́ ni mò ń yọ. Afẹ́fẹ́ ni mò ń yà lọ́nà fún." Ó di pátákó ńlá mú, ọkọ mi fi sípánà gbọ̀n ọ́n tu. Wọ́n tú aṣọ, wọ́n tú tírà. Wọ́n da omi gálọ́ọ̀nù tó wà nínú ọkọ̀ sára rédíétọ̀ láti ìta. Èmi ń fi pátákó kékeré fẹ́ Múfú, mò ń pè é, mò ń pè é... Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́.

A dé ọsibítù. Ọkọ̀ yẹn ò hó mọ́. Ìyá gbé pátákó ńlá lé itan, ó kọ ojú rẹ̀ sí ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́ títí a fi débẹ̀. Múfú lajú nírọ̀lẹ́, ó ní òun fẹ́ mumi.

Lẹ́yìn náà ni Sọ́ńdè kan pátákó sórí ọkọ̀, ó fi páànù yí fáànù ká kó lè máa fa gbogbo afẹ́fẹ́ gba inú rédíétọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀rù tán lára Ìyá? Kò tán o. Láràárọ̀, kí ọkọ mi tó jáde, Ìyá á ní kó tan ọkọ̀, á na ìborùn síwájú rẹ̀. Bó bá fà á, á gbàdúrà fún un, á ní kó máa lọ. Títí tí Ìyá fi kú. Ìborùn náà ni mo dà bora yìí.

Kúnlé, o ní iná ìkìlọ̀ máa ń tàn fúnra rẹ̀ nínú ọkọ̀ òde òní bó bá gbóná. Ta ló ń wo iná ọ̀hún? Fóònù lẹ̀ ń wò. Ayé ti yí padà, lóòótọ́, àmọ́ àyà mi ṣì ń já bó ṣe ń já nígbà yẹn.

Kúnlé, dìde. Lọ tan ọkọ̀ rẹ, jẹ́ kó gbóná dáadáa kí fáànù máa yí. Gba ìborùn yìí, nà án síwájú ike dúdú yẹn. Bó bá fà á, màá gbàdúrà fún yín. Bí kò bá fà á, tú ike yẹn dànù, tàbí kó o fi ọmọ mi sílẹ̀ fún mi níbí.