Bọ́ọ̀lù Tó Kan Rákẹ́ẹ̀tì Nọ́jíìmù

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó ń gbọ́ ohun tí a rọra sọ, tó sì ń gbọ́ ohun tí a pariwo. Ìkẹ́ Rẹ̀ kó máa bá Ànábì wa àti gbogbo ẹni tó tọ ipa rẹ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn nítorí àga ò tó, ẹ̀kọ́ tòní ò gùn. Ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì ni. Bí o bá ṣẹ Ọlọ́hun, o lè tuúbá nínú yàrá rẹ. Bí o bá ṣẹ èèyàn, ẹsẹ̀ rẹ gbọ́dọ̀ gbé ọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ẹnu rẹ sì sọ ọ́ kó tó pẹ́ jù.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Nọ́jíìmù. Bádímíńtìnì ló ń gbá jẹun. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ò mọ eré náà, ẹ fara balẹ̀, mà á ṣàlàyé. Èèyàn méjì dojú kọ ara wọn, àwọ̀n wà láàárín, wọ́n ń fi rákẹ́ẹ̀tì gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan tí wọ́n fi ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ṣe. Bí mo bá gbá a kọjá ìlà tó wà lẹ́yìn rẹ, èmi ni mo pàdánù. Ṣùgbọ́n bó bá kan rákẹ́ẹ̀tì rẹ kó tó kọjá, bó tiẹ̀ jẹ́ pé etí rákẹ́ẹ̀tì ló kàn lásán, ìwọ lo pàdánù. Ṣé ó yé wa? Ó dáa. Ta ni yóò wá mọ̀ pé ó kàn án? Rẹfirí lè má rí i. Ọwọ́ tó di rákẹ́ẹ̀tì mú mọ̀ ọ́n.

Àbíbù ni ọ̀rẹ́ Nọ́jíìmù. Ilé kéwú kan náà ni wọ́n lọ, sàfù kan náà ni wọ́n ń dúró sí bí wọ́n bá ń kírun, kóòṣì kan náà ló kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ mú ẹnì kan ṣoṣo sínú ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè, àwọn méjèèjì ló kù. Wọ́n gbá a títí, àmì wọn dọ́gba, ó ku ẹyọ kan tí ẹni tó bá jẹ ẹ́ yóò lọ. Àbíbù fò sókè, ó là á wá. Nọ́jíìmù na ọwọ́. Bọ́ọ̀lù kọjá lára rẹ̀, ó balẹ̀ lẹ́yìn ìlà. Rẹfirí ní Nọ́jíìmù ló borí.

Àbíbù sún mọ́ àwọ̀n. "Nọ́jíìmù, ó kan rákẹ́ẹ̀tì rẹ."

"Kò kàn án."

"Ó dún tín. Mo gbọ́ ọ, ọ̀rẹ́ mi."

Ọwọ́ Nọ́jíìmù ṣì mọ ibi tó ti kàn án. Ẹ̀yin ará mi, kí ló yẹ kó sọ? Ohun tó sọ ni, "Wàláhì, kò kàn án."

Àbíbù wò ó, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Bó o bá ti fi Ọlọ́hun búra, a jẹ́ pé etí mi ló parọ́."

Mo mọ̀ pé ẹ ń retí kí n sọ pé ọwọ́ Nọ́jíìmù rọ lọ́jọ́ kejì. Kò rọ. Ó lọ, ó gba ife, wọ́n ń fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, ó kọ́lé fún ìyá rẹ̀. Ọlọ́hun kì í kánjú.

Àbíbù ńkọ́? Ojú nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń gbá eré yẹn, etí wà níbẹ̀. Bí rákẹ́ẹ̀tì ẹnìkejì bá ṣe dún ni yóò sọ fún ọ bóyá kí o sá sẹ́yìn tàbí kí o sáré síwájú. Àbíbù kò gba etí rẹ̀ gbọ́ mọ́. Bó bá gbọ́ ìró, á kọ́kọ́ yíjú wò ó. Ìgbà tí yóò bá fi wò ó tán, bọ́ọ̀lù ti balẹ̀. Ó fi eré sílẹ̀, ó gba iṣẹ́ sí ilé ìlagi. Ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀ sì jẹ etí náà títí ó fi kù díẹ̀ kó dí pátápátá.

Nígbà tí orúnkún Nọ́jíìmù ò gbé e mọ́, ó fi eré sílẹ̀, oorun sì fi òun náà sílẹ̀. Ó gbéra, ó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilé ìlagi.

Ó rọra sọ ọ́. "Àbíbù, bọ́ọ̀lù ọjọ́ yẹn kan rákẹ́ẹ̀tì mi. Forí jì mí."

Àbíbù fi ọwọ́ bo etí rẹ̀ bí abọ́. "Sọ ọ́ sókè, ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀rọ yìí ti jẹ wá."

Àwọn òṣìṣẹ́ ti pé lé wọn lórí. Àbíbù nawọ́ sí àlejò rẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú. "Ẹ wò ó, ẹni tí mò ń sọ fún yín nìyí. Olódodo ni. Díẹ̀ ló kù kí n gba ipò rẹ̀ lọ́nà èrú, etí mi ló tàn mí. Òun ló búra tí mo fi mọ òótọ́."

Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. "Bàbá Elétí, ṣé láti ìgbà náà ni etí yín ti ń parọ́?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Àbíbù náà rẹ́rìn-ín.

Nọ́jíìmù la ẹnu. Ọ̀rọ̀ tó rọra sọ ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn, ó di dandan kó pariwo rẹ̀ wàyí, lójú gbogbo wọn. Ṣé ẹ rí i bí ìtìjú ṣe ń di èèyàn lọ́rùn?

Ó pariwo lóòótọ́. Ó ní, "Mo ní mo wá kí ọ ni!"

Àbíbù gbọ́ ìyẹn. Ó gbàdúrà fún un, ó sìn ín dé títì. Nọ́jíìmù ní òun á padà wá lọ́jọ́ tí èrò ò bá sí.

Kí ọjọ́ náà tó dé, ìtì igi kan já lórí òkè ìtì, ó ń yí bọ̀. Wọ́n kígbe pé, "Bàbá Elétí, ẹ yẹra!" Ẹni tó wà níbẹ̀ sọ pé ó jọ pé ó gbọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ yíjú wò ó.

Nọ́jíìmù wà nínú sàfù nígbà tí wọ́n fẹ́ kírun sí Àbíbù lára. Ẹ mọ ohun tí lèmọ́mù máa ń bèèrè: "Bí òkú yìí bá jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, kí onítọ̀hún sọ̀rọ̀." Kò sẹ́ni tó fọhùn. Nọ́jíìmù dúró, ó ń retí ìbéèrè kejì. Lèmọ́mù ò bèèrè ẹni tó jẹ òkú ní gbèsè. Wọ́n kábàrá, wọ́n gbé e lọ.

Òun fúnra rẹ̀ ló wá bá mi. Ó ní kí n máa pe orúkọ òun níbi gbogbo tí mo bá ti ń ṣe wáàsí. Ó ní, "Àfáà, ẹ bá mi sọ ọ́ sókè."

Mo ti sọ ọ́ sókè. Gbohùngbohùn yìí ń gbé e dé ojúde kejì. Ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ ni kò sí níbẹ̀.

Ìwọ tí ẹni tí o ṣẹ̀ ṣì wà láyé, tó ṣeé ṣe kó jókòó sórí ẹní kan náà pẹ̀lú rẹ báyìí, kí lo ń dúró dè? Ọlọ́hun Ọba, fi ọ̀nà mọ̀ wá. Yọ ìtìjú ayé kúrò lọ́rùn wa kó tó di ti Àlùkìyámọ̀. Forí ji Àbíbù. Fi Nọ́jíìmù síbi àánú Rẹ, kí O sì fi ẹnu wa jẹ́wọ́ nígbà tí etí ṣì wà láti gbọ́. Àmín.