Télọ̀ Gbé Ọtí Rẹ̀ Kọ́ Mi Lọ́rùn

Kí n jókòó kẹ̀? Tíṣà, ẹ fi àga yẹn sílẹ̀ jàre! Ẹ̀yin tí ẹ ń darí ẹgbẹ́ àwa tí a ń fi ọtí sílẹ̀, ẹ ò tíì mọ̀ pé ara mi kì í gba ìjókòó? Ẹ̀yìn ń ro mí, ẹsẹ̀ ń rìn mí bí ẹni pé èèrùn ń tò lọ nínú eegun, inú tún wá ń bí mi lé e, ẹ jẹ́ kí n dúró kí n rò ó. Ọ̀gá ilé ìwé ti gba kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi láti Ọjọ́ Ẹtì! Èmi! Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ kó ọmọ ọlọ́mọ bọ̀, mi ò gbá ewúrẹ́ rí. Wọ́n ní mo ti padà sídìí ọtí. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Télọ̀ ni! Télọ̀ tiwa yìí, àbúrò tí mo fọwọ́ ara mi tọ́jú!

Ẹ má sọ pé bóyá ó ṣèèṣì. Ẹnu kì í ṣèèṣì báyẹn.

Ta ló so wá pọ̀? Ẹ̀yin náà ni. Ẹ ní kí oníkálukú mú ẹnìkejì, kí ẹni tí òùngbẹ ọtí bá gbẹ sáré pe ẹnìkejì rẹ̀, kí onítọ̀hún sì gbéra lójú ẹsẹ̀. Ẹ tún ní ọ̀rọ̀ tí a bá sọ nínú yàrá yìí, inú rẹ̀ ni yóò kú sí. Mo gbà. Nígbà tí Télọ̀ kọ́kọ́ wá bá wa, ṣé ọwọ́ rẹ̀ ṣe é wò? Ó ń gbọ̀n bí ewé! Ta ló ń yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láràárọ̀, tó ń bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́ kí àwọn oníbàárà má baà fura? Èmi obìnrin tí ẹ̀yìn mi ò ṣe é tẹ̀! Òun náà ṣe dáadáa sí mi nígbà yẹn, mi ò ní purọ́. Bí ẹsẹ̀ mi bá ń ta pàrà lábẹ́ tábìlì, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ mi yìí kó bá mi rán ṣòkòtò,” a ó rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa. Òun ló sìn mí lọ bá dókítà tó sọ fún mi pé ọtí tí mo rò pé ó ń mú ẹsẹ̀ náà sùn, òun gan-an ló ń jí i. Oṣù mẹ́sàn-án, Tíṣà! Oṣù mẹ́sàn-án, ọtí ò kan ètè mi!

Ọjọ́rú tó kọjá, lọ́sàn-án gangan, ó pè mí. “Ẹ̀gbọ́n, mo wà nílé ọtí ẹ̀yìn ibùdókọ̀, ẹ wá gbé mi.” Mo bú u lórí fóònù, mo sì gbéra. Ṣé irú ibẹ̀ ló yẹ kí èmi tún tẹsẹ̀ bọ̀? Òórùn yẹn nìkan! Itọ́ kún mi lẹ́nu. Mo fọwọ́ bo imú bí ẹni tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn, mo gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn, ẹ sì mọ bó ṣe tóbi tó, eegun ẹ̀yìn mi dún kàó! Ó da èyí tó kù nínú ife sí mi láṣọ. Bí a ṣe ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ jáde ni ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo ń gbé ń kọjá. Ó wò mí tòkè-tilẹ̀. Kò kí mi.

Ìyá yẹn lọ sọ fún ọ̀gá. Kò burú, ohun tó rí ló sọ. Ọ̀gá wá ránṣẹ́ pe Télọ̀, ṣebí òun ló ń rán aṣọ ilé ìwé fún wọn. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n ń retí lẹ́nu rẹ̀. Kí ló wí? Ó ní èmi ni mò ń mu, òun lòun wá wọ́ mi jáde! Áà! Ẹni tí mo gbé pọ̀n ló ní òun ló pọ̀n mí! Ó tún wá tú ọ̀rọ̀ tí mo fi ẹkún sọ fún yín nínú yàrá yìí, ti fúláàsì tí mo máa ń da ọtí sí láyé àtijọ́, tí mo máa ń mu nígbà tí mo bá ti já ọmọ tó kẹ́yìn sílẹ̀ nílé rẹ̀. Bí ọ̀gá ṣe dárúkọ fúláàsì, ẹsẹ̀ mi tí kì í dúró, ó dúró. Ó dúró gbagidi! Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti jò.

Nítorí kí ni? Nítorí ìyàwó rẹ̀ ti búra pé bó bá tún mutí, òun á kó àwọn ọmọ kúrò nílé. Kí ilé tirẹ̀ má baà dàrú, ó tiná bọ tèmi!

Ẹ dúró, mi ò tíì parí. Láàárọ̀ àná, ìyàwó yìí kan náà sáré wá bá mi. Ọkọ òun ti tira rẹ̀ mọ́ yàrá láti Ọjọ́ Ẹtì, ó ń làágùn, ó ń gbọ̀n, ó ń ṣa nǹkan tẹ́nìkan ò rí lára ògiri. Ó rò pé ibà ni. Tíṣà, inú mi dùn. Mo ní, kó jìyà rẹ̀! Ṣùgbọ́n kí lẹ kọ́ wa? Pé ẹni tí ọtí ti wọ̀ lára kì í dá a dúró lójijì láìrí dókítà, pé gìrì lè gbé e, pé ó lè kú. Gbígbọ̀n yẹn fi hàn pé ó ti ń mu ní kọ̀rọ̀ tipẹ́, ó wá dá a dúró lójijì. Mo wọ bàtà. A gbé e dé ọsibítù. Dókítà ní kí ló mu. Ìyàwó ní ọkọ òun kì í mutí mọ́. Bí mo bá dákẹ́, ibà ni wọ́n á máa tọ́jú. Mo ní, “Dókítà, ọtí ni. Ọjọ́rú ni mo fà á jáde nílé ọtí.” Obìnrin náà rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, “Ó sọ fún mi pé ẹ̀yin ni.” Háà! Ó ti gbé irọ́ náà délé!

Télọ̀ ti mọ èèyàn láàárọ̀ yìí. Ó rí mi, ó yíjú sí ògiri.

Kí lẹ wí? Kí n forí jì í, àìsàn ni? Ta ló mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù mí lọ? Àìsàn ló gbé ọtí sí i lẹ́nu, àìsàn kọ́ ló gbé irọ́ sí i lẹ́nu! Ẹ̀yin lẹ fẹ́ lọ bá ọ̀gá fún mi? Ẹ ṣé, mi ò gbà. Wọ́n á ní olórí ẹgbẹ́ ń bo ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ láṣìírí. Ẹnu tó bà mí jẹ́ ni kó tún mi ṣe! Mi ò ní kó kúnlẹ̀, mi ò ní kó sunkún. Kó pe ọ̀gá lójú èmi, lójú ẹ̀yin, lójú ìyàwó rẹ̀, kó ní, “Èmi ni mo mutí, awakọ̀ yín yìí ló wá gbé mi.” Bí kò bá sọ ọ́, Ọlọ́run gbọ́, mi ò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn. Aago mẹ́rin ni wọ́n tún máa ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Ẹ dìde, Tíṣà. Ẹ dìde ká lọ!