Bí Mo Ṣe Fi Ẹnu Ba Kùrásọ́ọ̀nù Ṣadé Jẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ kú ìkàlẹ̀. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó yẹ kí n ti sọ ẹrù yìí kalẹ̀ tipẹ́, àmọ́ ìtìjú ò jẹ́. Mo ń sọ ọ́ lónìí torí pé lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí, wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí níwájú àwọn àlejò. Irọ́ ni ẹ̀rí náà, ẹni tó sì bẹ̀ mí kò mọ̀ pé irọ́ ni.

Tísà Faransé ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìjẹmọ̀ ni ilé mi wà. Mọ̀síọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, títí kan àwọn tí ò mọ ìwé rárá. Ohun tó gbé mi níyì láàárín wọn ni pé mo ti dé Páríìsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mi ò dé Páríìsì rí. Kútọnu ni mo dé nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, ọjọ́ mẹ́ta péré, gààrì ni mo sì ń mu títí mo fi padà. Nígbà tí mo dé, tísà ẹgbẹ́ mi kan bi mí pé, "Ṣé Páríìsì dùn?" Mo ní ó dùn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyàwó mi gan-an, Páríìsì yẹn wà lára ohun tó rí tó fi fẹ́ mi.

Ẹ sì mọ ọmọ iléèwé, wọ́n á máa béèrè ọ̀rọ̀ ṣáá. Àwòrán kùrásọ́ọ̀nù kan wà nínú ìwé tá a fi ń kọ́ wọn, búrẹ́dì àwọn Faransé tó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Mi ò tíì fi ẹnu kàn án rí. Mo kàn wo àwòrán náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í júwe. Mo ní ó ki, ó wúwo, pé ẹni tó bá jẹ ẹyọ kan láàárọ̀, ó di alẹ́ kó tó tún jẹun. Kíláàsì á pariwo. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣadé wà níwájú, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Lẹ́yìn tí Ṣadé jáde iléèwé, ó lọ ṣiṣẹ́ nílé búrẹ́dì kan ní Kútọnu, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó gba ilé búrẹ́dì kan tí wọ́n ti pa tì ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Ọ̀sán Sátidé kan ló wọlé tọ̀ wá wá, èmi àti ìyàwó mi, ó gbé abọ́ tó fi aṣọ funfun bò. Ó kúnlẹ̀. Ó ní àkọ́so iṣẹ́ òun nìyí, pé òun ò tíì ta ẹyọ kan, pé ẹnu tísà òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn án.

"Ti Kútọnu ni mo mọ̀ o, sà. Ẹ̀yin lẹ dé Páríìsì. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ labẹ gé."

Mo mú ọ̀kan. Áà! Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n pe ohun tó wọ ẹnu mi lọ́jọ́ yẹn? Ó fúyẹ́ débi pé mo rò pé òfìfo ni. Bí mo ṣe gé e jẹ, ó fọ́ wẹ́wẹ́ léyín mi, inú rẹ̀ sì rọ̀ múlọ́múlọ́, ìpele lórí ìpele, tín-ín-rín bí èèpo àlùbọ́sà. Bọ́tà ń yọ́ lọ sọ́nà ọ̀fun. Mo dijú. Mò ń rò ó pé, ọmọ tí mo kọ́ nìyí? Ọwọ́ èèyàn ẹlẹ́ran ara, ní Òṣíẹ̀lẹ̀ wa níbí, ló ṣe èyí? Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Nígbà tí mo lajú, Ṣadé ń wò mí. Ìyàwó mi náà tọ́ díẹ̀ wò, ó ní, "Bàbá Dàpọ̀, èyí kọ́ lẹ máa ń júwe o. Ṣebí tiyín máa ń wúwo?"

Bí mo bá ní ó dára, irọ́ ogójì ọdún fẹ́ tú nìyẹn. Mo gbé èyí tó kù lọ́wọ́ mi sílẹ̀. Mo mi orí bí ẹni tó mọ̀.

"Ó kù díẹ̀ káàtó, ọmọ mi. Ó fúyẹ́ jù. Ti Páríìsì kì í fọ́ báyìí. Àwọn ará Kútọnu yẹn ni ò mọ̀ ọ́n ṣe."

Kò jiyàn. Ta ló ń bá tísà rẹ̀ jiyàn? Ó dúpẹ́, ó dìde, ó lọ. Ó fi abọ́ sílẹ̀. Mo gbé e lọ sẹ́yìn ilé, mo jẹ márùn-ún tó kù tán, mo sì lá ìka. Ẹ ò rí ayé mi?

Láti ìgbà náà, èyí tó wúwo bí òkúta ló ń ṣe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ládùúgbò ibẹ̀ kọ́kọ́ ń rà á torí pé ó ń yó wọn. Nígbà tó yá, wọ́n padà sídìí búrẹ́dì lásán. Lóṣù tó kọjá, àwọn kan wá láti hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan, wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa ṣe kùrásọ́ọ̀nù fún wọn. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n wo ara wọn lójú. Wọ́n ní àwọn á padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀ yìí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí i. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, Ṣadé á ti ilé búrẹ́dì náà pa. Ó sáré wá bá mi.

"Wọn ò dé Páríìsì bíi tiyín ni, sà. Ẹ bá mi jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ là wọ́n lọ́yẹ̀."

Lánàá, mo gun ọ̀kadà lọ sí Òṣíẹ̀lẹ̀. Mo ti pinnu láti jẹ́wọ́. Mo bá a lẹ́yìn ilé búrẹ́dì, ó ń da nǹkan fún adìẹ. Mo wò ó dáadáa. Kùrásọ́ọ̀nù ni! Àwọn tó fúyẹ́, tó ń fọ́ wẹ́wẹ́! Ó ní bí ojú ọjọ́ bá tutù láàárọ̀ tí bọ́tà ò tètè yọ́, ọwọ́ òun a máa ṣèèṣì padà sí ti Kútọnu, pé àwọn tó bàjẹ́ nìyẹn, adìẹ ló ń bá òun jẹ wọ́n.

Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo gba ọ̀kan mọ́ adìẹ lẹ́nu, mo jẹ ẹ́. Olúwa ò! Adùn yẹn ṣì wà níbẹ̀, kò lọ síbì kankan. Mo dúró sáàárín adìẹ, mò ń sunkún, arúgbó bíi tèmi.

Ṣadé rò pé iṣẹ́ tó bàjẹ́ ló ń pa mí lẹ́kún. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ẹ dákun, sà. Ẹ má bínú. Mi ò ní jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ mọ́. Mo ṣì ń gbìyànjú kó lè rí bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi."

Mi ò jẹ́wọ́ mọ́. Mo gbọ́wọ́ lé e lórí, mo súre fún un, mo gun ọ̀kadà padà sílé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọjọ́rú la wà yìí. Bí mo bá sọ fún un lọ́la, ó ṣì lè ṣe ti Kútọnu fún wọn lọ́jọ́ Jímọ̀. Àmọ́ ojú wo ni n ó fi wò ó? Ojú wo ni n ó fi wo ìyàwó mi? Ẹ dárí jì mí, kẹ́ ẹ sì gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ tó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ṣe ohun tó dára, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ fún un?