Obìnrin Tí Mo Fi Ẹnu Ara Mi Gbé Sójú Ọ̀nà

Ẹ̀yin tèmi, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, nítorí ó ti kọjá agbára mi. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, lọ́yà mi fẹ́ kí n di Bíbélì mú ní kóòtù Òkìtìpupa, kí n búra pé kò sí obìnrin kankan lójú ọ̀nà lọ́jọ́ tí mọ́tò wa kọ lu igi. Bí mo bá búra, ó ṣeé ṣe kí àwọn adójútòfò, ìyẹn àwọn oní-inṣọ́ránsì, sanwó iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ mi ọ̀tún. Bí n kò bá búra, dókítà ti wí i lójú mi pé gígé ni wọn yóò gé e. Òótọ́ sì ni, kò sí obìnrin kankan níbẹ̀. Èmi ni mo purọ́ rẹ̀. Kí ló wá dé tí n kò fẹ́ fọwọ́ kan Bíbélì yẹn?

Epo pupa ni mo ń tà. Àkótógbò ni mo ti máa ń rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń fún un, màá sì kó o wá sí Òkìtìpupa. Bọ́dé ni awakọ̀ tí mo máa ń wọ ọkọ̀ rẹ̀, ọmọ àdúgbò wa, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í jẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì mi jò. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níwájú ni mo jókòó sí. Oorun ń kùn ún. Ó ní òun kò tíì fẹ̀yìn lélẹ̀ láti ìjẹta, pé òun ń kó èrò lọ síbi ìsìnkú kan, òun ń kó wọn bọ̀. Ó ń jẹ orógbó, ó ń da omi sójú, ó ń rẹ́rìn-ín pé oorun kò lè rí òun mú. Nígbà tí a dé àárín oko ọ̀pẹ kan kí a tó wọ Ìrẹ̀lẹ̀, mo wo ojú rẹ̀, ó ti dì. Mo pariwo orúkọ rẹ̀, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Bọ́dé kú síbẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn fara pa díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò rí iwájú, kẹ́ẹ̀gì epo ti dí wọn lójú. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Òkú Bọ́dé ṣì wà ní mọ́ṣúárì nígbà tí ọkùnrin kan láti ilé-iṣẹ́ adójútòfò wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù. Ọmọ ọ̀hún wọ táì, ó kí mi dáadáa, ó wá bi mí pé ta ló jẹ̀bi. Ẹ gbọ́, nílé tiwa, a kì í ka ẹ̀bi sí òkú tí kò tíì wọlẹ̀ lẹ́sẹ̀. Iye, ìyá tó bí mi, ti ń sọ ọ́ láti kékeré wa pé òkú tó ṣì wà lókè ilẹ̀ ń gbọ́, pé ẹni tó bá pè é lẹ́jọ́, òkú náà yóò wá jẹ́ ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, kó tó lọ ra ẹ̀kọ wá fún mi, ó tún kìlọ̀ pé kí n ṣọ́ ẹnu mi. Nítorí náà mo ní Bọ́dé kò jẹ̀bi. Ọmọkùnrin náà ní kí ló wá dé tí mọ́tò fi kúrò lójú ọ̀nà? N kò rò ó débẹ̀. Mo ṣáà la ẹnu, mo ní obìnrin kan ló já lu títì, Bọ́dé sì yà fún un. Ó ní báwo ni obìnrin náà ṣe rí? Èmi náà kò mọ ibi tó yẹ kí n dúró. Mo ní ó ró ìró aláró, ó ru abọ́ funfun, bàtà ẹsẹ̀ òsì nìkan ló wọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wà lásán. Ibo ni mo ti rí bàtà ẹsẹ̀ kan? Títí di òní n kò mọ̀. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i.

Kò pẹ́ púpọ̀ ni wọ́n dáhùn pé àwọn kò ní san nǹkan kan. Mo gbé e tọ lọ́yà kan lọ, ọmọbìnrin kan nínú ìjọ wa. Àṣé n kò mọ nǹkan kan! Èmi rò pé inṣọ́ránsì dà bí owó àánú ni, pé ẹni tó bá ti fara pa, wọ́n á fún un. Ó ní rárá. Ó ní èyí tí Bọ́dé ní, tádì páátì ni wọ́n ń pè é, pé èmi ni ẹni kẹta tí wọ́n ń sọ: kì í ṣe Bọ́dé, kì í ṣe ilé-iṣẹ́, bí kò ṣe ẹlòmíràn tí ọkọ̀ náà ṣe léṣe. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó san kọ́bọ̀ fún ẹni kẹta, ó gbọ́dọ̀ hàn pé awakọ̀ ṣe àìbìkítà. Ẹni tó sùn nídìí ọkọ̀ ti ṣe àìbìkítà, àmọ́ ẹni tó yà fún èèyàn tó ṣàdédé já sójú ọ̀nà kò ṣe é. "Mà, ẹ̀bi tí ẹ kò fẹ́ kà sí Bọ́dé lọ́rùn yẹn ni wọn ì bá torí rẹ̀ tọ́jú yín," bẹ́ẹ̀ ló wí. Nígbà yẹn a ti sin Bọ́dé. Ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀ wá bá mi nílé, ó ní kí n sọ òótọ́, pé kò sẹ́ni tó máa gba nǹkan lọ́wọ́ òun, pé ọkọ òun kò ní bínú. Mo sunkún, mo sì gbà láti búra ní kóòtù pé oorun ló gbé Bọ́dé lọ, pé kò sí obìnrin kankan. Ọkàn mi balẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí ni mo lọ fi ẹsẹ̀ han dókítà. Obìnrin Ìlàjẹ kan tó ń ta ẹja wà lórí bẹ́ńṣì, ó fi aṣọ gbé apá kọ́ ọrùn. A kí ara wa, a bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn. Inú oko ọ̀pẹ yẹn náà ni mọ́tò tiwọn ti yà wọ igbó láìpẹ́ yìí, ní ọ̀sán gangan. Ó ní awakọ̀ wọn yà fún obìnrin kan tó ró ìró aláró, tó ru abọ́ funfun. Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò sọ ọ̀rọ̀ abọ́ yẹn fún ẹnikẹ́ni, yàtọ̀ sí ọmọkùnrin adójútòfò yẹn. Iye pàápàá kò gbọ́ ọ. Mo bi í pé kí ni obìnrin náà wọ̀ sẹ́sẹ̀.

Ó tẹjú mọ́ ilẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Wọ́n ti fi báńdéèjì di ọ̀tún, kò ṣeé ki bọ bàtà, òsì nìkan ni mo wọ sílípáàsì sí. Ó gbójú sókè, ó wò mí títí, ó rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Àǹtí," ó ní, "ẹ má bínú o. Ó jọ yín."

Mo sọ fún lọ́yà. Ó ní ọmọkùnrin adójútòfò ló máa ti ròyìn kiri, pé ìtàn ní ẹsẹ̀, pé ẹ̀rù sì máa ń yàwòrán síni lójú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́kadà Ìrẹ̀lẹ̀ kì í gba ibẹ̀ mọ́ láìfọn fèrè nítorí obìnrin náà, ní ojúmọmọ, wọn kò sì mọ̀ mí rí. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kò ṣeé kó. Èyí tó bọ́ lẹ́nu tèmi kò tilẹ̀ fọ́, ó dìde, ó ń rìn.

Ẹ wá gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n búra pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń rí i? Tàbí kí n dákẹ́, kí wọ́n gé ẹsẹ̀ mi? Mo fẹ́ràn ẹsẹ̀ mi, ẹ má tàn mí. Ẹ̀yin tí nǹkan kò tíì ṣe, bí àwọn adójútòfò bá bi yín léèrè ọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó mọ òfin ohun tí ìbéèrè náà túmọ̀ sí kí ẹ tó lanu. Ẹ sì má ṣe torí pé ẹ fẹ́ bo òkú láṣìírí, kí ẹ gbé ẹni tí kò sí dúró sójú ọ̀nà. Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ń gba Àkótógbò bọ̀, bí ẹ bá rí i láàárín oko ọ̀pẹ yẹn, bó tilẹ̀ ń wo yín lójú bí èèyàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yà fún mi.