Bí Ọlọ́run Ṣe Yọ Ohùn Fúnmi Nínú Kọ̀ǹpútà Tó Kú

Ẹ bá mi yin Olúwa, ẹ̀yin ará. Ẹ yìn ín sókè dáadáa, torí èmi fúnra mi ò lóhùn tó pọ̀ mọ́. Ọlọ́run tó gbọ́ àdúrà ìyá arúgbó tí kò mọ ohun tí ì bá sọ mọ́, òun ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo fi lẹ́tà ńláńlá kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹkún má baà dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ẹ fojú fo àṣìṣe mi.

Gbogbo yín lẹ mọ Fúnmiláyọ̀ ọmọ mi, tó ń tẹ ìwé ètò ìsìn fún ìjọ yìí kó tó ṣàìsàn. Òun nìkan ló kù fún mi lẹ́yìn tí Túndé ọmọ mi àti bàbá wọn kú. Nígbà tí àìsàn kíndìnrín dá a jókòó sílé wa ní Ìkòsì, ó rí i pé lẹ́tà inú Bíbélì ti ń dà pọ̀ lójú mi. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n kà á sílẹ̀ fún yín." Ó mú máíìkì kékeré kan, ó ń ka Sáàmù sínú kọ̀ǹpútà ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, á kọ́kọ́ ní, "Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì. Ṣé ẹ ti lo oògùn yín?" Ó kà á dé Sáàmù àádọ́rùn-ún. Kò ka èyí tó tẹ̀ lé e.

Ó ti pé ọdún méjì tó ti lọ. Láràárọ̀, mo máa ń tan kọ̀ǹpútà náà bó ṣe kọ́ mi, màá tẹ ọ̀kan, á kí mi, màá dá a lóhùn pé, "Mo ti lò ó, ọmọ mi." Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó tún máa bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé yẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ̀yin ará ìjọ wá kí mi, ẹ wá títí. Mi ò ṣílẹ̀kùn, ó sì sú yín. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Èmi ni mo jẹ̀bi.

Wàyí o, ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ní ká gbé omi lé orí rédíò nígbà àdúrà, ká sì mu ún. Èmi náà, kò sẹ́ni tó rán mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ike omi lé orí kọ̀ǹpútà tí Fúnmi bá ti ń ka Sáàmù. Tó bá kà á tán, màá mu omi náà. Mo gbà pé òun ló ń gbé mi ró. Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, mi ò dé ike náà dáadáa. Ó ṣubú. Omi wọnú ẹ̀ lọ, ó ró páà! Òórùn nǹkan tó ń jó gba yàrá kan. Fúnmi dákẹ́ sáàárín ọ̀rọ̀.

Yéè! Ẹ̀yin ará, ọmọ mi kú lẹ́ẹ̀kejì lójú mi, èmi ni mo sì pa á.

Mo fi ìró di kọ̀ǹpútà náà, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Gbóyèga tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Kétu. Ó pààrọ̀ ibi tí iná ń gbà wọlé, ó tàn, àmọ́ ojú ẹ̀ dúdú, lẹ́tà funfun nìkan ló ń kọ. Gbóyèga ní háàdì dísìkì tó ń kó nǹkan pa mọ́ ti ń kú lọ, pé òun máa nu gbogbo inú ẹ̀, òun á fi Windows míì sí i.

"Ohun tó wà nínú ẹ̀ ńkọ́?"

"Mọ́mì, ẹ gbàgbé ìyẹn. Ẹ ó tún ṣe òmíràn."

"Ta ló máa ṣe òmíràn?"

Nígbà tí mo ń di ẹrù mi, ó ní, "Mọ́mì, òkú kọ̀ǹpútà lẹ fẹ́ gbé lọ sílé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ti ara mi mọ́lé. Àdúrà ò wá. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo rí sọ: "Olúwa, èmi ni mo da omi sí i." Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Mi ò dáhùn. Wọ́n tún kàn án bí ẹni fẹ́ fọ́ ọ. Ìyá Mùtíátù ni, Mùsùlùmí tó ń ta tàtàṣé ní Mile 12. Ògiri kan ló là wá láàárín.

"Ìyá Fúnmi, ọjọ́ kẹrin rèé tí mi ò gbọ́ ohùn Fúnmi. Kí ló dé?"

"Ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ?"

"Ọdún méjì! Ìdí ògiri ni mo máa ń jókòó sí kí n tó lọ sọ́jà. Tó bá ti bi yín léèrè oògùn, èmi náà á rántí lo tèmi."

Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún.

Òun ló ru kọ̀ǹpútà náà, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ àna ẹ̀, Àlájì Ràṣídì, tó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkòsì. Àlájì tú u, ó wò ó, ó wò mí.

"Ìyá, ta ló wẹ kọ̀ǹpútà yìí?"

Mo jẹ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí. "Háà! Àdúrà yín ti wọ̀ ọ́ lára jù."

Àmọ́ nígbà tí mo sọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ó dá ẹ̀rín dúró. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi Windows sínú háàdì dísìkì àtijọ́ yẹn. "Ìyá, tílé bá ń wó lọ, ṣé ẹ máa máa kùn ún lọ́dà nígbà tẹ́rù yín ṣì wà nínú ẹ̀? Ilé tuntun lèèyàn á kọ́kọ́ wá." Ó yọ ti àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. A ra háàdì dísìkì tuntun, ó fi òun nìkan sí i, ó fi Windows sínú ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí tuntun ti dìde dáadáa ló tó so ti àtijọ́ mọ́ ọn, bí aláìsàn tí wọ́n gbé ti ẹni tó lágbára, ó wá ń kó Sáàmù bọ́ sínú tuntun díẹ̀díẹ̀. Ti àtijọ́ ń dún kẹ́kẹ́kẹ́. Tó bá dún jù, Àlájì á dá a dúró, á ní kó sinmi ná. Ìyá Mùtíátù di tẹ̀sùbáà mú, èmi di Bíbélì mú. Ẹ má bínú o, mi ò lè fi pa mọ́: àwa méjèèjì la jọ gbàdúrà.

Nígbà tó dọ̀sán, Àlájì tẹ ọ̀kan ká gbọ́. "Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì." Halelúyà! Olúwa ṣe é!

Gbogbo ẹ̀ ló yọ, àfi ẹyọ kan. Mi ò ní purọ́ níwájú pẹpẹ. Sáàmù kọkànlélọ́gọ́ta ò yọ. Àlájì gbìyànjú títí ti àtijọ́ fi kú pátápátá.

Ẹ bá mi fògo fún Ọlọ́run tó dá èyí tó kù padà. Ìyá Mùtíátù kì í jókòó sídìí ògiri mọ́, inú yàrá mi ló ń jókòó. Màmá Ṣadé, Bùrọ̀dá Káyọ̀dé, Síṣítà Dúpẹ́, gbogbo ẹ̀yin tí mo tilẹ̀kùn mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ẹ bá mi yọ̀, àmọ́ ẹ má yọ̀ ọ́ síbí nìkan. Ọ̀la ló kan Sáàmù kọkànlélọ́gọ́ta. Fúnmi ò sí níbẹ̀ láti kà á. Ìyá Mùtíátù ò mọ̀wé, ojú tèmi ò rí lẹ́tà wẹ́wẹ́ inú Bíbélì mọ́. Ẹ wá bá wa kà á nílé mi.